Orúkọ Ọmọ Tó Dáràn: Ìdájọ́ àti Ìpamọ́ Orúkọ Lójú Òfin àti Lójú Ìwé Mímọ́

Bí ọmọ ọdún 14 bá pa ènìyàn, tàbí tó fi ipá bá ọmọbìnrin lò pọ̀, tàbí tó bá àwọn adigunjalè jáde lóru, ṣé kò yẹ kí gbogbo àdúgbò mọ orúkọ rẹ̀? Ṣé kò yẹ kí ìyà rẹ̀ rí bí ìyà àgbàlagbà, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó pa kò kú ikú ọmọdé? Kò sí ọdún kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í béèrè ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí a bá dé orí ẹ̀kọ́ nípa ìwà Kristẹni láwùjọ.

Ìbéèrè náà tọ̀nà, nítorí ojoojúmọ́ ló ń kan ìlẹ̀kùn wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní Kétu, Mile 12, Ìkòsí, Alápẹ̀rẹ̀ àti Ògùdù, níbi tí ọmọ aláàárù, ọmọ oníṣòwò ata, ọmọ awakọ̀ àti ọmọ olùkọ́ ti jọ ń gbé ilé kan náà. Bí ọmọ kan bá dáràn níbẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú àwòrán rẹ̀ ti dé orí WhatsApp gbogbo òpópónà. Nígbà míì, ìyá ọmọ tó ṣìkà àti ìyá ọmọ tí wọ́n ṣe níkà jọ ń jókòó nínú ìjọ kan náà, àwọn méjèèjì a sì sáré wá bá pásítọ̀ kan ṣoṣo.

Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ọ̀kan lọ: pípa orúkọ ọmọ mọ́ kì í ṣe pípa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́. Orúkọ ọmọ kò gbọ́dọ̀ dé ìgboro. Pásítọ̀ tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò ṣìnà lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì: yálà kó dójú ti ọmọ níwájú gbogbo ayé, tàbí kó bo ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀ ní orúkọ ìfẹ́.

Ohun tí òfin wí

Ní 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 ni òfin yìí ń pè ní ọmọ. Ìpín 221 nínú òfin ti 2003 sọ pé ilé-ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ rán ọmọ lọ sẹ́wọ̀n, kò gbọ́dọ̀ pàṣẹ pé kí a nà án, kò sì gbọ́dọ̀ dá ikú fún un. Ìpín 213 tilẹ̀ kà á léèwọ̀ kí a máa lo àwọn ọ̀rọ̀ tí ilé-ẹjọ́ ń lò fún ọ̀daràn tó ti dàgbà fún ọmọ. Ìpín 205 ló kan orúkọ: a kò gbọ́dọ̀ tẹ ohunkóhun jáde tó lè jẹ́ kí ará ìta dá ọmọ tó dáràn mọ̀, àkọsílẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ohun ìpamọ́. Òfin náà sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú: kí ariwo má baà ba ọmọ náà jẹ́, kí a má sì fi orúkọ burúkú lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ èyí, wọ́n sì rò pé ọmọ lè pa ènìyàn kó sì máa lọ sílé jẹun. Rárá o. Òfin kan náà fún ilé-ẹjọ́ lágbára láti fi ọmọ tó pa ènìyàn, tó jalè pẹ̀lú ipá, tàbí tó ṣá ènìyàn lọ́gbẹ́ pẹ̀lú èrò ìkà, sí àhámọ́ fún iye ìgbà tí adájọ́ bá là sílẹ̀. Ohun tí òfin kọ̀ ni kí a kó o pọ̀ mọ́ àwọn àgbà ọ̀daràn. Ní Èkó, ilé àtúnṣe wà fún àwọn ọmọkùnrin ní Oregun àti Isheri, òmíràn sì wà fún àwọn ọmọbìnrin ní Ìdí-Àràbà. Láti Kétu dé Oregun kò jìnnà rárá. Àwọn ìjọ wa a máa lọ wàásù ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè iye ìgbà tí a ti dé Oregun.

Ìdí tí òfin náà fi wáyé

Èrò pé ilé-ẹjọ́ ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Láti 1943, lábẹ́ ìjọba àmúnisìn, ni òfin ti wà fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ní 1988, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ kan pé bí ẹ̀rí bá wà nínú ìwé ẹjọ́ pé olùjẹ́jọ́ kò tíì pé ọdún 17 nígbà tó dáràn, kò tọ́ kí ilé-ẹjọ́ kankan dá ikú fún un.

Síbẹ̀, ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà bára mu. Ní oṣù Keje 1997, lábẹ́ ìjọba ológun, wọ́n yìnbọn pa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní gbangba nítorí ẹ̀sùn ìdigunjalè. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí wọ́n ní ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2024, ìjọba alágbádá ti wà lórí àlééfà fún ọdún 25, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ sì ti pé ọdún 21. Ní ọjọ́ náà, wọ́n kó ènìyàn 76 lọ síwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá nítorí ìwọ́de tó wáyé ní oṣù Kẹjọ. Àwọn ọmọ ọdún 14 sí 17 wà nínú wọn. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba wà nínú ohun tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn, ẹ̀sùn tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Ebi àti àárẹ̀ hàn lára wọn. Àwọn kan nínú wọn dákú níwájú adájọ́, kámẹ́rà sì gbé ojú wọn káàkiri ayé. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, Ààrẹ pàṣẹ kí a tú wọn sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì fagi lé ẹjọ́ náà. A tú wọn sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba àwòrán ojú wọn padà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti rí i?

Orúkọ tó jáde ṣáájú òtítọ́

Ní òpin 2021, ọmọ ọdún 12 kan tó ń gbé ilé-ìwé aládàáni ní Lekki, ní Èkó níbí, kú. Ẹ̀sùn jáde pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló lù ú, tí wọ́n sì fún un ní ohun olóró mu. Ìbínú gba ìlú, ó sì yé wa, nítorí ta ni yóò gbọ́ irú rẹ̀ tí inú rẹ̀ kò ní bàjẹ́? Kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ àti àwòrán àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ti wà lórí ẹ̀rọ ayélujára. Àwọn oníwàásù pàápàá ń fi orúkọ wọn gbàdúrà ẹ̀san. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba sọ pé òun kò rí ẹ̀rí tí òun lè fi pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2024, májísíréètì tó ṣèwádìí ikú náà sọ pé àìsàn ló pa ọmọ náà, kì í ṣe ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìrora àwọn òbí tó pàdánù ọmọ kò tíì tán títí di òní, a kò sì gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a ti pè ní apànìyàn ńkọ́? Kò sí ẹni tó pín ìwé ìdásílẹ̀ wọn káàkiri bí wọ́n ti pín ẹ̀sùn náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo Jósẹ́fù ọkọ Màríà nínú Mátíù 1:19. Bí ó ti rí ọ̀rọ̀ lójú tirẹ̀, ẹ̀rí ti pé: ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lóyún, kì í sì í ṣe òun ló ni oyún. Ìwé Mímọ́ pè é ní olódodo, ó sì fi hàn pé nítorí pé ó jẹ́ olódodo ni kò fẹ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà ní gbangba. Ẹ kíyèsí i pé kò gbójú fo ọ̀ràn náà. Ó ti pinnu láti yanjú rẹ̀, ní ìdákẹ́jẹ́. Áńgẹ́lì sì wá fi hàn án pé ohun tó rò kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Ká ní Jósẹ́fù ti kéde Màríà ní ẹnubodè ìlú ni, irọ́ ni ì bá kéde. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé olódodo máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí kò tíì mọ̀.

Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ti fi òfin gbe èyí lẹ́sẹ̀, fún àgbàlagbà pàápàá. Àtúnṣe tó wọ inú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ní 2021 kọ̀ fún ọlọ́pàá láti máa to àwọn afurasí síwájú àwọn oníròyìn. Bí òfin bá sọ èyí fún ọlọ́pàá, kò yẹ kí pẹpẹ ìjọ di ibi tí a ń to ọmọ sí.

Ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì ń ké

Ìbéèrè tó le jù ni ti ẹbí ẹni tó kú. Ṣé ìpamọ́ orúkọ kò ní rẹ́ wọn jẹ? Àpẹẹrẹ kan wà láàrin àwọn ènìyàn wa tó wà lókè òkun. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2000, ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgò fífọ́ gún Damilọ́lá Taylor ní itan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dà títí ó fi kú. Ọmọ ọdún 10 ni. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tó ti Nàìjíríà dé ibẹ̀. Ní 2002, wọ́n gbé ọmọkùnrin 4 lọ sílé-ẹjọ́ lórí ikú náà, ṣùgbọ́n òfin kò jẹ́ kí ìwé ìròyìn kọ orúkọ wọn. Ilé-ẹjọ́ dá gbogbo wọn sílẹ̀. Ní 2006 ni a tó dá ẹ̀bi fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì mìíràn, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 12 àti 13 nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ilé-ẹjọ́ sọ pé wọ́n jẹ̀bi ikú rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbèrò láti pa á, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọdún 8.

Ta ni yóò bá òbí tó sin ọmọ ọdún 10 jiyàn bó bá ní ọdún 8 kéré? Síbẹ̀, ẹ wo ohun méjì. Ìpamọ́ orúkọ kò dí ìdájọ́ lọ́wọ́: ọdún 6 ni wọ́n fi wá òtítọ́, wọ́n sì rí i. Ó sì jẹ́ kí ọmọ 4 tí ilé-ẹjọ́ dá sílẹ̀ lè padà sílé láìru orúkọ apànìyàn. Richard Taylor, bàbá Damilọ́lá, lo ìyókù ayé rẹ̀ títí ó fi kú ní 2024 nínú iṣẹ́ àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní orúkọ ọmọ rẹ̀, láti ran àwọn ọ̀dọ́ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Orúkọ tó gbé sókè jù lọ ni ti ọmọ tirẹ̀ tó kú.

Jẹ́nẹ́sísì 4 kọ́ wa ní ọ̀nà kan náà. Ọlọ́run ò sọ fún Káínì pé kò sí wàhálà. Ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì ń ké láti inú ilẹ̀, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ, ó bi Káínì léèrè, ó sì dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Káínì ní ẹnikẹ́ni tó bá rí òun yóò pa òun, Ọlọ́run fi àmì sí i lára. Àwa oníwàásù ti máa ń lo àmì Káínì bí ẹni pé òǹtẹ̀ ìtìjú ni. Ẹ tún ibẹ̀ kà: ààbò ni àmì náà. Ọlọ́run fi í síbẹ̀ kí àwọn ará ìta má baà fi ìdájọ́ tiwọn kún ìdájọ́ tirẹ̀. Ẹni tó gbọ́ igbe ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì náà ló dá ẹ̀mí Káínì sí. Kò sì fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Bí a bá wá tẹ orúkọ ọmọ jáde lẹ́yìn ìdájọ́, kí ni ó ń yọrí sí? Ní 1993, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọkùnrin méjì tó jẹ́ ọmọ ọdún 10 pa ọmọ ọdún méjì kan. Nígbà tí a dá wọn lẹ́bi, adájọ́ gbà kí a tẹ orúkọ wọn jáde. Ìbínú àwọn ará ìlú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, ní 2001, ilé-ẹjọ́ gíga ní láti fún wọn ní orúkọ tuntun, kí ó sì fi òfin bò wọ́n ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn kí a má baà pa wọ́n. Adájọ́ kan ṣí orúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Adájọ́ mìíràn kò rí i kó padà mọ́, àfi kó wá orúkọ mìíràn. Orúkọ tó ti jáde dà bí ẹyin tó ti bọ́ sílẹ̀.

Àwọn ẹsẹ tí a máa ń fi gbe ìtìjú lẹ́sẹ̀

Ẹsẹ mẹ́ta ni àwọn ènìyàn sábà máa ń mú wá. Àkọ́kọ́ ni 1 Tímótì 5:20, pé kí a bá ẹlẹ́ṣẹ̀ wí níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ ka ẹsẹ 19 mọ́ ọn. Àwọn alàgbà ìjọ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ nípa wọn, àwọn tó wà nípò, ó sì béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Àwa olórí ni ẹsẹ náà kàn. Kò sí ọmọdé nínú rẹ̀.

Èkejì ni Deutarónómì 21:18-21, nípa ọmọ aláìgbọràn. Ọ̀mùtí àti alájẹkì ni a pe ọmọ náà níbẹ̀, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe ọmọ kékeré. Bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, àwọn àgbà ìlú sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ẹnubodè. Nínú òfin tó le jù yìí pàápàá, kò sí àyè fún èrò ọjà láti gbé táyà àti bẹntiróòlù. Bí ọmọ bá jalè ní Mile 12 tí èrò sì fẹ́ dáná sun ún, kò sí ẹsẹ Bíbélì kan tó wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀kẹta ni abo béárì méjì tó fa àwọn ọmọ 42 ya nígbà ayé Èlíṣà, nínú 2 Ọba 2. Ìwé Mímọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Kò pàṣẹ pé kí a tún un ṣe. Kò sí wòlíì tàbí àpọ́sítélì kan tó sọ ọ́ di ìlànà fún ìjọ. Àwọn baba wa tí kò tíì ní Bíbélì lọ́wọ́ pàápàá sọ pé ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi í fún ẹkùn pa jẹ. Ẹ má jẹ́ kí ìjọ Ọlọ́run kéré sí òwe.

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìkà láti kékeré, ẹ lọ bá Mánásè. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tó jọba, ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sì kún Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ẹ̀wọ̀n Bábílónì ló ti rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, Ọlọ́run sì dá a padà sí ìlú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí 2 Kíróníkà 33 ti sọ. Ẹ̀wọ̀n náà jẹ́ òótọ́, ìpadàbọ̀ náà sì jẹ́ òótọ́. Òfin tó ń pa orúkọ ọmọ mọ́ ń fi ọ̀nà sílẹ̀ kí irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣeé ṣe.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa

Nítorí náà, ẹ̀yin tí a ó gbọ́wọ́ lé lórí láìpẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a mú nǹkan márùn-ún yìí lò.

Èkíní, kí a má ṣe yanjú ọ̀ràn ńlá ní ọ́fíìsì ìjọ. Bí wọ́n bá fipá bá ọmọbìnrin kan lò pọ̀, tí ẹni tó ṣe é sì jẹ́ ọmọ díákónì, kò sí pé kí a gbàdúrà kí a sì pa á mọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ mú ọmọbìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá àti àjọ DSVA ti Ìpínlẹ̀ Èkó létí. Orúkọ ọmọbìnrin náà sì gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́ ṣáájú ti ẹnikẹ́ni.

Èkejì, kí a tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ ìkómọjáde dáadáa. Gbogbo ààbò tí òfin fún ọmọ dúró lórí ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò wa kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé ọjọ́ orí tí a kọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ga ju ti ọmọ náà gan-an lọ. Ìwé tí pásítọ̀ kọ ní ọjọ́ kẹjọ, tó ní déètì àti orúkọ òbí, lè jẹ́ ẹ̀rí níwájú adájọ́ pé ọmọ ọdún 15 ni ẹni tí wọ́n pè ní ọdún 19. Ẹ má kọ ọ́ sórí bébà tí yóò sọnù.

Ẹ̀kẹta, kí a wá agbẹjọ́rò fún ọmọ tí wọ́n mú. Bí òbí kò bá lówó, ọ́fíìsì OPD ti ìjọba Èkó ń gba ẹjọ́ aláìní rò lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹnì kan nínú ìjọ bá òbí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ọjọ́ kan náà.

Ẹ̀kẹrin, kí a ṣọ́ ẹnu àti kámẹ́rà wa. Ìsìn wa ń jáde lórí Facebook. Ìyá tó fẹ́ jẹ́rìí pé Ọlọ́run bẹ ọmọ òun wò ní ilé àtúnṣe lè dúpẹ́ láìdárúkọ ọmọ náà. Kí a má ṣe mú ọmọ wá síwájú ìjọ láti jẹ́wọ́ ìwà ọ̀daràn nígbà ìpàdé ìtúsílẹ̀. Bí wọ́n bá fi àwòrán ọmọ tí ọlọ́pàá mú ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ, kí alábòójútó pa á rẹ́, kó sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ará.

Ẹ̀karùn-ún, kí a pín ìbẹ̀wò dọ́gba. Bí pásítọ̀ bá lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ tó dáràn lẹ́ẹ̀kan, kó lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ tó kú lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìjọ bá tóbi tó, kí pásítọ̀ ọ̀tọ̀ máa tọ́jú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Kí a má sì fi dandan lé e pé kí ẹbí òkú dárí jì kíákíá. Ẹ̀mí Mímọ́ ló ni àsìkò yẹn.

Àwa ni a gbé ọmọ náà sókè ní ọjọ́ kẹjọ, tí a dárúkọ rẹ̀ létí ìjọ, tí gbogbo wa sì dáhùn pé Àmín. Bí ó bá ti Oregun dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tó sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, kí ó bá orúkọ yẹn níbẹ̀.